Lẹ́tà Tí Kò Wọlé: Bí Mo Ṣe Fi Ọdún Mẹ́tàlélógún Tún Ímeèlì Ṣe ní Ajah

Ìyá mi kú kó tó mọ orúkọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Bí àwọn tí wọ́n jọ ń yan ẹja ní Badore bá bi í pé kí ni Múìbátù ń ṣe ní Ajah, á ní, "Ó máa ń bá àwọn èèyàn wá lẹ́tà tó sọnù." Mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ní báyìí tí mo ti fẹ̀yìn tì, tí ojú mi kò gbà kí n tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà fún wákàtí kan mọ́, mo ti rí i pé kò sẹ́ni tó túmọ̀ iṣẹ́ náà dáadáa tó ìyá mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ yìí ṣì dára láti kọ́, mi ò ní sọ pé ẹ kọ́ ọ, mi ò sì ní sọ pé ẹ má kọ́ ọ. Ohun tí ojú mi rí ni màá sọ. Kí oníkálùkù mú èyí tó bá wúlò fún un níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la iṣẹ́ náà yé yín. Lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í ti ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ bọ́ sínú kọ̀ǹpútà yín tààrà. Ó máa ń kọ́kọ́ dúró nínú kọ̀ǹpútà ńlá kan tó wà lókèèrè, tí àwa ń pè ní sáfà. Nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì yín, ètò kan wà tó máa ń lọ wo ohun tó dé síbẹ̀, tó sì máa ń gbé ohun tí ẹ kọ lọ. Bí ti ibí àti ti ọ̀hún bá bára mu, a ó ní ó ti síǹkì. Bí wọn ò bá bára mu, wàhálà dé nìyẹn. Lẹ́tà á ti dé, ẹ ò ní rí i. Ẹ̀yin náà á kọ tiyín, kò ní lọ. Ẹ á pa òmíràn rẹ́ lórí fóònù, á tún yọjú lórí tábìlì bí àlejò tí a ti sìn dé ọ̀nà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè mí.

Táípúráítà ni mo kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì lọ́yà kan. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, wọ́n ní kí àwa atẹ̀wé mẹ́ta máa lọ ilé. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mí, mo ti bí ọmọ méjì, nígbà tí mo kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gá Láyínká pé kí wọ́n gbà mí síṣẹ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, ní ìdojúkọ ráńdábaòtù Ajah, kí wọ́n tó fẹ ọ̀nà márosẹ̀ náà, kí wọ́n tó wú ráńdábaòtù ọ̀hún kúrò. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "O dàgbà ju ẹni tí mò ń wá lọ." Mo ní, "Ẹ̀yin náà dàgbà ju ọ̀gá tí mò ń wá lọ, sà." Wọn ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n wá ní ọjọ́ Ajé.

Ọ̀gá Láyínká ti fi ọdún mọ́kàndínlógún to lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ kí wọ́n tó kọ́ kọ̀ǹpútà. Ìwà ilé ìfìwéránṣẹ́ yẹn ni wọ́n gbé wọ inú iṣẹ́ tuntun yìí. Wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í na ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọkàn mi máa ń já bí wọ́n bá yọ awò ojú wọn lé orí tábìlì. Oṣù mẹ́ta gbáko, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan bọ́tìnnì kan ṣoṣo. Wọ́n ní kí n kó ọwọ́ mi sẹ́yìn, kí n máa fi etí ṣiṣẹ́. Òfin àkọ́kọ́ wọn nìyẹn. Bí oníbàárà bá wọlé, tó ní "Ímeèlì mi ò wọlé mọ́," wọ́n á ní kó jókòó, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

"Láti ìgbà wo? Kí lẹ ṣe kẹ́yìn kó tó dáwọ́ dúró? Ṣé lẹ́tà gbogbo èèyàn ni kò wọlé, àbí ti ẹnì kan? Ṣé ó ń wọlé lórí fóònù yín? Ṣé tiyín ń lọ?"

Èmi á máa kọ ìdáhùn sínú ìwé. Bí oníbàárà bá lọ tán, wọ́n á ní kí n sọ ibi tí mo rò pé àrùn náà wà. Ìgbà tí mo bá ṣì í, wọn ò ní sọ èyí tó tọ́ fún mi. Wọ́n á kàn ní, "Tún ìwé ẹ kà."

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Obìnrin kan tó ní ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá. Láti ọjọ́ mẹ́ta, kò rí lẹ́tà kankan gbà, ètò náà kàn ń kọ ọ́ pé òun ò gba sáfà gbọ́. Mo ti ń fò sókè nínú lọ́hùn-ún. Mo ní, "Ọ̀gá, páswọ́ọ̀dù ni. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀." Wọ́n ní, "Aago mélòó ló lù?" Mo gbójú sókè wo aago ara ògiri, mo ní ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mọ́kànlá lù.

"Mi ò bi ògiri," Ọ̀gá wí.

Mo wá wo igun ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà náà. Ọdún tó wà níbẹ̀ ti lé ní mẹ́rin sẹ́yìn. Bátìrì kékeré tó ń bá kọ̀ǹpútà rántí ọjọ́ ti kú. Bí aago kọ̀ǹpútà bá ṣì báyẹn, ìwé ẹ̀rí tí sáfà bá fi hàn án, á ní ayédèrú ni, kò sì ní bá a da nǹkan pọ̀. A pààrọ̀ bátìrì, a tún aago ṣe, lẹ́tà ọjọ́ mẹ́ta sì ya wọlé. Obìnrin náà ń dúpẹ́, ojú ń tì mí. Ẹni tó bá fara balẹ̀ tó pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Èmi, páswọ́ọ̀dù ni mo fẹ́ fi pa á.

Òfin kejì wọn ni pé a kì í ka lẹ́tà oníbàárà. Ó dà bí ohun tó rọrùn, àbí? Ṣùgbọ́n lẹ́tà wà níbẹ̀ gbalaja níwájú ẹni, ojú ò sì ní ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n ti gbà kí n máa fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, mo rí lẹ́tà ìfẹ́ kan tí ọkùnrin alágídí kan kọ, ẹ̀rín sì pa mí. Ọ̀gá Láyínká bi mí pé kí ló dé. Mo sọ fún wọn. Wọ́n yọ awò ojú wọn. Wọ́n ní kí n lọ ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Nígbà tí mo padà, wọ́n ní, "Ní gbogbo ọdún tí mo fi to lẹ́tà, mo mọ ilé tí lẹ́tà ti ń wá, mo mọ ilé tó ń lọ, mo mọ ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹyọ kan. Bí èèyàn bá gbé ilé rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́, ibi tó ń jò ni kó o wò." Láti ọjọ́ yẹn títí mo fi fẹ̀yìn tì, orúkọ ẹni tó kọ lẹ́tà àti ọjọ́ tó kọ ọ́ ni mo máa ń wò. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe tèmi.

Òfin kẹta ni pé kí n ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ kí n tó tún ohunkóhun ṣe. Èyí ni mo rú, ó sì ku díẹ̀ kó pa mí.

Ó ti lé ní ọdún márùn-ún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti ń pè mí ní Àǹtí Ímeèlì láti Ajah títí dé Ṣángótẹ̀dó, orí mi sì ti wú díẹ̀. Bàbá kan wà ní Abraham Adésànyà Estate tí wọ́n ń pè ní Bàbá Akọ̀wé. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ilé ọmọ wọn obìnrin ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n abúlé kan létí ọ̀sà ni wọ́n ti wá, àwọn ni akọ̀wé ẹbí níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́ ilé fẹ́ da yanrìn sí etí omi àwọn ẹbí náà. Ọdún kan àbọ̀ ni Bàbá fi bá wọn kọ lẹ́tà lọ, kọ lẹ́tà bọ̀. Nínú lẹ́tà kan, ilé-iṣẹ́ náà gbà pé àwọn ò ní fọwọ́ kan èbúté tí wọ́n ń so ọkọ̀ ẹja mọ́. Nínú òmíràn, wọ́n gbà pé àwọn ò ní fọwọ́ kan itẹ́ òkú ẹbí. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí wọ́n pàdé níwájú adájọ́ nígbà tí ímeèlì Bàbá dáwọ́ dúró, tí ètò náà ń bi wọ́n ní páswọ́ọ̀dù lójoojúmọ́, tí kò sì gba èyí tí wọ́n ń fún un.

Oníbàárà mìíràn ń dúró dè mí ní Lekki lọ́jọ́ náà. Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìn fèrèsé, epo inú rẹ̀ ò tó. Mo gbìyànjú páswọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbà. Mo bá ní kí n kúkú yọ àkáǹtì ímeèlì náà kúrò, kí n tún un fi síbẹ̀ ní tuntun, nítorí ó ti ṣiṣẹ́ fún mi níbòmíràn. Kọ̀ǹpútà bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí mo fi í padà, ó gba páswọ́ọ̀dù, ó lọ sí sáfà, ó sì padà dé lọ́wọ́ òfo. Ibi tí lẹ́tà ń wà funfun báláú. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó dáadáa. Ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n fi ṣètò ti Bàbá. Ní ọ̀nà àtijọ́ yẹn, bí kọ̀ǹpútà bá ti gbé lẹ́tà láti sáfà, kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ níbẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni gbogbo lẹ́tà ọdún kan àbọ̀ wà. Èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi pa wọ́n rẹ́.

Bàbá ti gbé àga súnmọ́ mi. Wọ́n ní, "Ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yìí." Mo pa á. Mo jáde sí kọ̀rídọ̀, mo pe Ọ̀gá Láyínká lórí fóònù, mo ṣàlàyé.

"Ṣé o ṣe ẹ̀dà?"

Mo fa ilẹ̀kùn pa mọ́ ẹ̀yìn mi kí Bàbá má bàa gbọ́.

"Múìbátù, mo bi ọ́ léèrè."

"Rárá, sà."

Wọ́n wá ní, "Má tan án mọ́. Kí n tó dé, kí o ti sọ òtítọ́ fún bàbá yẹn. Má fi sílẹ̀ fún mi láti sọ."

Mo padà wọlé, mo kúnlẹ̀, mo sì sọ ọ́. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Bàbá Akọ̀wé ò bú mi. Wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n gbé e lé orúnkún, wọ́n ń fi àtàǹpàkò wọn tẹ́ etí rẹ̀. "Ibi tí wọ́n sin bàbá mi sí wà nínú lẹ́tà yẹn," ni wọ́n sọ. Ká ní wọ́n gbá mi lójú ni, ì bá sàn fún mi.

Ọ̀gá dé. Wọn ò wojú mi. Wọ́n tú ibi tí kọ̀ǹpútà ń fi nǹkan pamọ́ sí, wọ́n fi aṣọ ìnura wé e, a gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí a bá pa rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà kì í kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àyè rẹ̀ ló máa ń ṣí sílẹ̀ fún nǹkan mìíràn láti jókòó lé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n má tan án mọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń yọ lẹ́tà wọ̀nyẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa ìrẹsì nínú yanrìn. Púpọ̀ nínú wọn padà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà èbúté kò sí níbẹ̀ rárá. Èyí tó jẹ́ ti itẹ́ òkú yọ, àmọ́ ó ti fọ́, ìlà méjì péré ló ṣeé kà lókè, ìyókù rí wúruwùru bí ipa ẹsẹ̀ èèrà.

Ọ̀gá Láyínká jókòó, wọ́n ronú. Wọ́n ní, "Lẹ́tà kì í wà níbì kan ṣoṣo. Ẹni tó kọ ọ́ ní tirẹ̀, ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí ní tirẹ̀. Ta tún ni wọ́n fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí?" Wọ́n pe Bàbá, wọ́n tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn láti wo orúkọ tó wà lókè àwọn lẹ́tà tó padà. Bàbá gbà. Ibẹ̀ la ti rí orúkọ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan ní Ṣángótẹ̀dó. Bàbá rántí pé ọkùnrin náà gba ẹ̀dà lẹ́tà èbúté, nítorí òun ló wọn etí omi fún ilé-iṣẹ́ náà. Ti itẹ́ òkú, Bàbá nìkan ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ̀dà kan tó kù wà lọ́wọ́ àwọn tó kọ ọ́, àwọn yẹn sì ti ní àwọn ò rántí lẹ́tà kankan.

"Lọ bá wọnlẹ̀wọnlẹ̀ yẹn," Ọ̀gá sọ fún mi. "Ìwọ nìkan."

Ọkùnrin náà ò fẹ́ gbọ́. Ó ní, "Àǹtí, lábẹ́ àwọn èèyàn wọ̀nyí ni mo ti ń jẹun. Ẹ fẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi?"

Mo ní mi ò wá fi ipá mú un. Mo sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un, láti orí jẹnẹrétọ̀ títí dé orí fìlà Bàbá. Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi yàtọ̀ sí ara mi. Ó wò mí títí. Nígbà tó yá, ó ní ká tiẹ̀ ní òun fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ímeèlì òun náà ò wọlé láti ìgbà òjò, òun ò sì mọ ibi tí lẹ́tà kankan wà.

Mo tọrọ àyè láti wò ó. Lọ́jọ́ yẹn, kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó gbà mí ju wákàtí méjì lọ, mo jókòó tì í, mi ò dìde. Lẹ́yìn náà ni mo wá àrùn rẹ̀. Ó ti fi àwòrán ilẹ̀ ńláńlá kún àyè tó ní lórí sáfà dẹ́nu, kò sí ibi tí lẹ́tà tuntun lè dúró sí mọ́. Mo kó àwọn àwòrán náà sọ́tọ̀ fún un, àyè ṣí, lẹ́tà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Bí mo ṣe ń wò ó, mo rí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú ọjọ́ tí Bàbá sọ fún wa. Ìka mi wà lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ǹ bá tẹ̀ ẹ́.

Mo dìde. Mo ní, "Ohun tí mo wá wá wà níbẹ̀, sà. Mi ò ṣí i. Tiyín ni." Mo kí i, mo sì lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni lẹ́tà kan wọ ímeèlì Bàbá Akọ̀wé. Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ náà ló fi í ránṣẹ́, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan tì í.

Bí ó ṣe parí nìyí. Ẹbí náà fi lẹ́tà yẹn gba èbúté wọn. Ó wà níbẹ̀ títí di òní, mo ti ra ẹja níbẹ̀. Itẹ́ òkú lọ. Ìlà méjì ò tó níwájú adájọ́. Wọ́n da yanrìn lé e, ilé ti wà lórí rẹ̀ báyìí, àwọn èèyàn ń gbé inú rẹ̀, wọ́n sì ń tọ́ ọmọ níbẹ̀. Lọ́yà Bàbá sọ pé bóyá lẹ́tà odidi náà ì bá má tó. Ó fẹ́ tù mí nínú ni. Èmi mọ̀ pé mi ò ní mọ̀ láé. Bàbá Akọ̀wé ń dáhùn bí mo bá kí wọn, wọ́n sì ń béèrè àwọn ọmọ mi, ṣùgbọ́n wọn ò pè mí wá wo kọ̀ǹpútà wọn mọ́. Mi ò bínú.

Mo rò pé Ọ̀gá máa lé mi. Wọ́n bi mí pé, "Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Èwo ni ìwọ?" Mo ní mò ń wo ẹ̀yìn, sà. Wọ́n ní kí n kó ọwọ́ mi sẹ́yìn fún oṣù kan. Obìnrin ẹni ọdún méjìdínlógójì, mo dúró bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn oníbàárà tó ti mọ̀ mí. Mo tún bẹ̀rẹ̀ látorí etí.

Nǹkan yí padà lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀nà tuntun dé tó jẹ́ pé lẹ́tà á wà lórí sáfà, kọ̀ǹpútà á kàn máa fi hàn wá, bí ẹni ń wo ọjà nínú gíláàsì. Mo sunkún lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lóye rẹ̀, nítorí ká ní ó ti tètè dé ni, lẹ́tà Bàbá Akọ̀wé ì bá má sọnù. Fóònù wọ ọwọ́ gbogbo èèyàn. Wọ́n á pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù lórí fóònù, wọ́n á gbàgbé ti orí tábìlì, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ya wèrè. Lẹ́yìn náà ni páswọ́ọ̀dù nìkan ò tó mọ́, sáfà á tún fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí fóònù láti mọ̀ bóyá ìwọ ni ìwọ. Nígbà tó yá, mo lè jókòó sí ilé mi, kí n ti ibẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà ẹni tó wà ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀gá Láyínká kò fẹ́ràn ìyẹn títí wọ́n fi kú. Wọ́n ní ẹni tí o kò rí ojú rẹ̀, kò ní sọ ohun tó ṣe kẹ́yìn fún ọ. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ló ń dà wọ́n láàmú, àfìgbà tí mo lọ sí ilé Ẹnjiníà kan ní Lakowe, ní ọdún tí mo ṣiṣẹ́ kẹ́yìn.

Ẹnjiníà yìí ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ ti kú. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Ségi, ni wọ́n jọ ń gbé. Àǹtí Ségi ló pè mí. Wọ́n ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí àbúrò àwọn bí wà lókè òkun, ó fẹ́ ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ ò fẹ́, ìjà dé, kò sì kọ lẹ́tà wálé fún ọdún méjì. Wọ́n ní kí n bá àwọn wò ó bóyá kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é. Ẹnjiníà jókòó sí igun lọ́hùn-ún, ó ń ka ìwé ìròyìn. Ó ní, "Àǹtí Ímeèlì, ẹ má da ara yín láàmú. Ọmọ yẹn ti gbàgbé wa."

Mo wo kọ̀ǹpútà náà. Kò sí ohun tó ṣe é. Lẹ́tà wọlé, lẹ́tà jáde. Mo bi wọ́n ní gbogbo ìbéèrè tí mo mọ̀. Nígbà tí mo dé orí "Ṣé lẹ́tà gbogbo èèyàn ni, àbí ti ẹnì kan?", Ẹnjiníà sọ ìwé ìròyìn rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí n wọ orí sáfà fúnra rẹ̀. Ó fún mi ní páswọ́ọ̀dù.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Àṣẹ kan wà lórí sáfà pé lẹ́tà yòówù tó bá ti ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin yìí wá, kí wọ́n jù ú sínú àpótí kan tí kọ̀ǹpútà ò gbọdọ̀ gbé wálé.

Mo ní, "Lẹ́tà ń wá, mà. Wọ́n ti pàṣẹ fún un kó má wọlé ni."

Àǹtí Ségi ní, "Ta ló pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀?"

Ẹnjiníà ká ìwé ìròyìn rẹ̀ sí méjì, ó tún un ká sí mẹ́rin.

"Èmi ni," ó wí. "Ọjọ́ tí mo gbọ́ ìgbéyàwó yẹn, mo ní kí akọ̀wé mi ní ọ́fíìsì bá mi dí i. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì nìyẹn. Mo dá a padà nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Èyí tí mo rà, mi ò dí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ti ń retí rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti rà á."

Mo ṣàlàyé fún un pé orí sáfà ni àṣẹ náà wà, kì í ṣe inú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà yòówù tó bá rà, àṣẹ á tẹ̀ lé e lọ síbẹ̀. Ó mi orí. Ó ní, "Ẹ mú un kúrò."

Mo mú un kúrò, mo sì kó ohun tó wà nínú àpótí náà jáde. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ẹ̀yìn wá, nọ́ńbà rẹ̀ ń gòkè: méje, mẹ́rìnlá, mọ́kànlélógún. Mo dìde kúrò lórí àga, mo ní mò ń lọ dúró ní bàráńdà, nítorí àwọn àwòrán tó wà nínú àwọn lẹ́tà náà wúwo, wọ́n máa pẹ́. Mo gbọ́ tí Àǹtí Ségi ní, "Jókòó. Bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀." Mo gbọ́ ohùn Ẹnjiníà tó ń kà, ó dúró, ó tún ń kà. Ní iwájú, àwọn kọ́lékọ́lé ń da kọnkéré sí ilé kan, mo tẹjú mọ́ wọn kí n má bàa gbọ́.

Ó pẹ́ kí Àǹtí Ségi tó jáde wá bá mi. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di etí ilẹ̀kùn mú.

"Ó ti bímọ," ni wọ́n sọ. "Ọmọ náà ti ń rìn."

Nígbà tí a wọlé, Ẹnjiníà ń fi ìka méjì tẹ ọ̀rọ̀. Kò gùn. Ó tẹ̀ ẹ́ pé kó lọ, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀kì Lakowe ò lágbára lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, lẹ́tà náà dúró níbi tí èyí tí kò tíì lọ máa ń dúró sí. Ó wò mí. Mo ní kó má fọwọ́ kan án, á lọ. Mo fa àga kan, Àǹtí Ségi náà fa tiwọn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, a ń wò ó títí tó fi lọ.